Ìdámẹ́wàá ni àbí ìdámẹ́rin? Bí owó àwo ṣe gbé ẹgbẹ́ The Smiths dé ilé ẹjọ́

Tí ènìyàn mẹ́rin bá jọ dá ẹgbẹ́ orin sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọn kò sì bá ara wọn sọ iye tí kálukú yóò máa gbà, òfin ti bá wọn sọ ọ́ láti ọdún 1890: ọgbọọgba ni. Òfin náà kì í béèrè ẹni tó kọ orin, ẹni tó ń bá oníròyìn sọ̀rọ̀, tàbí ẹni tó ń fi òdòdó jó lórí ìtàgé. Bí iṣẹ́ bá ti jẹ́ àjọṣe, tí kò sì sí àdéhùn mìíràn, iye orí ni wọn yóò fi pín owó.

Ẹjọ́ tó fi èyí hàn gbangba nínú orin gìtá ilẹ̀ náà ni èyí tí Mike Joyce, onílù The Smiths, pe Morrissey tó ń kọrin àti Johnny Marr tó ń ta gìtá. Ó pè é ní 1989. Adájọ́ dá a ní oṣù Kejìlá 1996. Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fi àṣẹ sí ìdájọ́ náà ní oṣù Kọkànlá 1998. Ẹgbẹ́ yìí fúnra rẹ̀ kò lò ju nǹkan bí ọdún márùn-ún lọ. Ìjà owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìlọ́po méjì ìyẹn.

Àwọn méjì ló kọ́kọ́ wà

Nígbà ooru 1982, Marr, ọmọ ọdún méjìdínlógún, lọ kan ilẹ̀kùn Morrissey ní Stretford, lẹ́bàá Manchester. Morrissey ti di ẹni ọdún mẹ́tàlélógún nígbà náà. Ètò wọn kò le: Morrissey yóò máa kọ ọ̀rọ̀ orin, Marr yóò máa wá ohùn sí i. Joyce dé nígbà tí wọ́n ń wá onílù ní ọdún yẹn kan náà. Wọ́n ṣe eré àkọ́kọ́ wọn ní The Ritz, Manchester, ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá 1982, ẹlòmíràn ló sì wà nídìí gìtá béèsì lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n fa Andy Rourke wọlé, ẹni tó ti bá Marr ṣe ilé-ìwé. Ọjọ́ 25 oṣù Kìn-ín-ní 1983 ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ́kọ́ jọ dúró lórí ìtàgé, ní ilé ijó kan tí wọ́n ń pè ní Manhattan.

Ẹ fi ọkàn sí bí wọ́n ṣe tò dé. Àwọn méjì àkọ́kọ́ rí ara wọn bí onílé. Wọ́n rí àwọn méjì tó tẹ̀ lé wọn bí ẹni tí a pè wá báni dá sí iṣẹ́. Ó lè jẹ́ òótọ́ lọ́kàn wọn, àwa náà ò sì rò pé irọ́ ni wọ́n ń pa fún ara wọn. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́kàn ò wúlò níwájú adájọ́ bí kò bá jáde lẹ́nu, kí ẹni tó kàn gbọ́ ọ, kí ó sì gbà.

Joe Moss, oníṣòwò aṣọ tí Marr mọ̀, ló ń ṣe máníjà fún wọn. Òun ló san owó sítúdíò Strawberry ní Stockport, níbi tí wọ́n ti gba ohùn àwo kékeré àkọ́kọ́ wọn, "Hand in Glove", sílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kò tó £300. Rough Trade gbé e jáde ní oṣù Karùn-ún 1983. Ilé iṣẹ́ yìí ti inú ṣọ́ọ̀bù rẹ́kọ́ọ̀dù ní ìwọ̀-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù jáde, ó wà lábẹ́ ara rẹ̀, kì í ṣe ti àwọn ilé iṣẹ́ àwo ńláńlá. Ohun tí wọ́n ń pè ní "indie" nìyẹn ní ìbẹ̀rẹ̀, kó tó di orúkọ irú orin kan.

Lọ́dún 1983 yìí kan náà ni ìwé àdéhùn tó gùn wọlé láti Rough Trade. Morrissey fọwọ́ sí i. Marr fọwọ́ sí i. Joyce àti Rourke kò fọwọ́ sí nǹkankan. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, torí ó yá ju kí wọ́n máa wá ènìyàn mẹ́rin àti lọ́yà mẹ́rin kiri. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti gbin èso rẹ̀. Ìwé yẹn so ilé iṣẹ́ àwo pọ̀ mọ́ ènìyàn méjì, ṣùgbọ́n kò sọ ohunkóhun nípa bí àwọn mẹ́rin ṣe jẹ́ sí ara wọn. Ẹni tó bá wò ó lóòkán lè rò pé àwọn méjì ló ni ẹgbẹ́. Nínú òfin, ìbéèrè méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Lẹ́yìn èyí, iṣẹ́ yára. Wọ́n gba àwo ńlá àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní ìgbà méjì: èyí tí wọ́n ṣe pẹ̀lú Troy Tate, tó darí iṣẹ́ sítúdíò wọn, ní Lọ́ńdọ̀nù kò tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n sọ ọ́ nù, John Porter sì bá wọn tún un ṣe. Ó jáde ní oṣù Kejì 1984, ó dé ipò kejì lórí àtẹ àwo. "Meat Is Murder" tẹ̀ lé e ní 1985, ó gba ipò kìn-ín-ní. "The Queen Is Dead" jáde ní 1986, "Strangeways, Here We Come" ní 1987, ipò kejì ni méjèèjì dé. Láàárín wọn ni àwọn àkójọ orin tó ti jáde lórí àwo kékeré àti èyí tí wọ́n kọ fún BBC. Àròpọ̀ orin wọn jẹ́ nǹkan bí àádọ́rin. Fún ẹgbẹ́ tí kò pé ọdún mẹ́fà, iṣẹ́ ńlá ni.

Owó ẹgbẹ́ orin kì í ṣe ọ̀kan

Ẹni tí kò bá ya owó sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kò lè lóye ẹjọ́ yìí, ọ̀pọ̀ ìròyìn tó jáde nígbà náà sì da gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Èkíní ni owó orin kíkọ. Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ àti ẹni tó wá ohùn ló ni ín. Nígbàkígbà tí rédíò bá lu orin náà, tí wọ́n bá kọ ọ́ ní gbangba, tàbí tí wọ́n bá tẹ ẹ̀dà àwo rẹ̀, owó ń wọlé fún wọn nípasẹ̀ PRS àti MCPS, àwọn àjọ tó ń bá àwọn tó kọ orin gba owó wọn, bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ ẹlòmíràn ló fi ẹnu kọ orin náà. Ní Bìrìtéènì òde òní, 8.5 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí ilé iṣẹ́ ń ta àwo fún oníṣọ́ọ̀bù ló ń lọ síbẹ̀. Nínú The Smiths, Morrissey àti Marr ló ni owó yìí, wọ́n sì ń pín in sí méjì. Joyce kò bá wọn du kọ́bọ̀ kan nínú rẹ̀, ilé ẹjọ́ náà kò sì fọwọ́ kàn án.

Èkejì ni owó àwo, èyí tí ilé iṣẹ́ ń san fún àwọn tí ohùn àti ohun èlò wọn wà lórí àwo náà. Kì í dé lódindi. Ilé iṣẹ́ yóò kọ́kọ́ yọ owó tó yá wọn ṣáájú àti owó sítúdíò, kó tó san ìyókù. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé nígbà tí wọ́n gba àwo ńlá kan sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, inú àpò tí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń dúró dè ni owó ìgbà àkọ́kọ́ tó ṣòfò ti jáde.

Ẹ̀kẹta ni owó eré ìtàgé. Ó máa ń kéré ju bí èrò ṣe pọ̀ lọ, torí ọkọ̀, ilé ìtura, iná, ẹ̀rọ gbohùngbohùn àti àwọn tó ń gbé e gbọ́dọ̀ gba tiwọn ná. Tí-ṣáàtì àti àwòrán ara ògiri wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Owó àwo àti owó eré ni ẹjọ́ dá lé. Nínú àwọn wọ̀nyí, Morrissey gba 40 nínú ọgọ́rùn-ún, Marr gba 40, Rourke gba 10, Joyce gba 10. Ká ní £100,000 wọlé lẹ́yìn ìnáwó, £40,000 ló dé ọwọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn méjì àkọ́kọ́, £10,000 sì dé ọwọ́ onílù. Bó bá jẹ́ iye orí ni, £25,000 ni ti onílù. £15,000 ló ń sá lọ nínú gbogbo £100,000. Ẹ wá rò ó pé owó àwo kì í dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ bá tú ká. Bí àwo bá ṣì ń tà, ìyàtọ̀ náà á máa ga sókè bí òkìtì ọ̀gán.

Ibi tí ó ti bàjẹ́

Joe Moss kúrò ní òpin 1983. Lẹ́yìn rẹ̀, oríṣiríṣi ènìyàn gbìyànjú iṣẹ́ máníjà, kò sì sí èyí tó pẹ́ níbẹ̀. Láàárín wọn, Marr ló ń gba ìpè, òun ló ń ṣètò ọkọ̀, òun ló ń bá ilé iṣẹ́ àwo jà, kó tó tún wọ sítúdíò lọ wá ohùn sí orin tuntun. Iṣẹ́ máníjà ni láti mú ẹgbẹ́ jókòó kí ó sì sọ pé: "Ẹ̀yin mẹ́rin, báwo lẹ ṣe fẹ́ pín in? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó jáde níbí." Kò sẹ́ni tó dúró pẹ́ tó láti sọ ọ́.

Akáńtáǹtì wà ní tiwọn. Ó ń ṣírò owó, ó sì ń fi ìwé ìṣirò ránṣẹ́. Ìpín àìdọ́gba náà wà nínú ìwé fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà. Ẹni ogún ọdún tó ń lu ìlù, tí kò rí ìwé ìṣirò owó àjọṣe rí láyé rẹ̀, wo ojú ìwé náà, ó rí iye tó kàn án, ó sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ti wọlé sí eré ọ̀la.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1986 wọ́n lé Rourke nítorí oògùn olóró, wọ́n gba Craig Gannon sí ipò rẹ̀. Kò pẹ́ tí Rourke padà dé, ni Gannon bá bọ́ sídìí gìtá kejì títí di ìgbà ìkórè ọdún náà. Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Gannon dé lẹ́yìn tí ilé ti kọ́, a sì lè pè é ní ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́. Joyce kò dé bẹ́ẹ̀. Ó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó ní àwo kankan. Nínú àwòrán tó gbajúmọ̀ jù nípa wọn, èyí tí wọ́n yà níwájú Salford Lads Club tó sì wà nínú "The Queen Is Dead", ènìyàn mẹ́rin ló dúró.

Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n bá EMI, ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ àwo ńláńlá, ṣe àdéhùn, torí Rough Trade ti sú wọn. Wọn kò gba orin kankan sílẹ̀ fún EMI gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́. Nígbà ooru 1987, Marr lọ. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Àwo ìkẹyìn jáde ní oṣù Kẹsàn-án lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ ti kú.

Ìpè ẹjọ́

Ohun kan wà tó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu. Ní oṣù Kejìlá 1988, Joyce, Rourke àti Gannon bá Morrissey ṣeré ní Wolverhampton. Ìlù àti béèsì wọn wà lórí àwọn àwo kékeré tó gbé jáde ní 1989. Oṣù Kẹta ọdún 1989 yẹn gan-an ni Joyce àti Rourke gba ilé ẹjọ́ lọ lórí owó The Smiths. Wọ́n ń bá a ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ kan, wọ́n ń bá a ṣẹjọ́ lọ́wọ́ kejì.

Àkókò tí wọ́n mú dára. Nígbà tí àjọṣe bá tú, owó tó tọ́ sí alájọṣe kan di gbèsè láti ọjọ́ náà, ọdún mẹ́fà ni òfin sì fún un láti fi béèrè. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ kọ́kọ́ wo bí ọ̀rẹ́ yóò ṣe ṣe é lè jí ní ọdún keje kí ilẹ̀kùn ti tì.

Rourke kò bá ẹjọ́ dé òpin. Ó wà nínú gbèsè. Wọ́n nawọ́ £83,000 sí i, pẹ̀lú ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún tó ti ń gbà tẹ́lẹ̀ láti ìgbà náà lọ, ó sì fọwọ́ sí i pé òun kò ní béèrè ohun mìíràn mọ́. Lọ́jọ́ tó fọwọ́ sí i, owó tó ṣeé kà ni. Ohun tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń ṣe ni pé ó ń ra ọ̀la: bí ẹlòmíràn bá borí lẹ́yìn rẹ, kò kàn ọ́.

Joyce dúró. Ó lé ní ọdún méje kí ẹjọ́ tó dé iwájú Adájọ́ Weeks ní Ilé Ẹjọ́ Gíga ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìgbẹ́jọ́ náà gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan.

Ohun tí ilé ẹjọ́ wò

Orí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo nínú Òfin Àjọṣe Ìṣòwò ti 1890 ni lọ́yà Joyce dúró lé, abala 24. Ó ní gbogbo alájọṣe ló ní ẹ̀tọ́ sí ìpín ọgbọọgba nínú èrè, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ru àdánù bákan náà, àfi bí wọ́n bá ní àdéhùn mìíràn, yálà wọ́n sọ ọ́ lẹ́nu tàbí ìṣe wọn fi í hàn. Nítorí náà, kì í ṣe Joyce ló ní láti fi hàn pé 25 ni wọ́n ṣèlérí fún òun. Òfin ti fún un ní 25. Àwọn tó ní 10 ni, àwọn ni ẹrù ẹ̀rí wà lọ́rùn wọn.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n lè gbà sọ̀ ẹrù náà kalẹ̀. Bóyá wọ́n bá a sọ ọ́ ní kedere, ó sì gbà. Tàbí ìṣe rẹ̀ fúnra rẹ̀ fi hàn pé ó mọ̀, ó sì fara mọ́ ọn. Lórí èkíní, Morrissey àti Marr ní ọ̀rọ̀ ìpín náà kì í ṣe àṣírí láti ìbẹ̀rẹ̀. Joyce ní kò sẹ́ni tó bá òun sọ ọ́, pé òun gbà pé bákan náà ni gbogbo wọn. Kò sí ìwé. Níbi tí kò bá sí ìwé, ọ̀rọ̀ di ẹnu ẹni tí adájọ́ gbàgbọ́. Adájọ́ rí onílù bí olóòótọ́ ènìyàn tí kò gbọ́n sí ọ̀rọ̀ owó. Nípa Morrissey, ó ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ṣeé fọkàn tẹ̀ níbi tí àǹfààní tirẹ̀ bá wà. Ọ̀rọ̀ líle yìí ló gba ojú ìwé ìròyìn, ó sì bo ẹ̀kọ́ òfin mọ́lẹ̀.

Lórí ọ̀nà kejì ni ìwé akáńtáǹtì ti wọlé. Ṣé o rí ìwé yìí? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé o tako ó? Rárá. Ṣé kì í ṣe pé o gbà nìyẹn? Lójú ẹni tó ń kánjú, ọ̀rọ̀ tán. Adájọ́ kò gbà bẹ́ẹ̀, Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn pẹ̀lú kò gbà. Láti yí ìpín ọgbọọgba padà, ẹ̀rí gbọ́dọ̀ mọ́lẹ̀ kedere. Ìwé ìṣirò tí ẹnikẹ́ni kò túmọ̀ fún un, tí kò sì ní agbẹjọ́rò tirẹ̀ tó bá a wò ó, kò lè gba ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé ó dákẹ́. Ẹnu tó dákẹ́ kò tíì sọ pé òun gbà.

Joyce borí. Ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún di tirẹ̀, àti èyí tó ti kọjá àti èyí tó ń bọ̀. Àwọn oníròyìn ṣírò ti àtẹ̀yìnwá sí nǹkan bí mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn. Marr gbà bẹ́ẹ̀, kò pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Morrissey pè é, ó sì pàdánù ní 1998, owó lọ́yà sì gorí owó onílù.

Èrò tiwa lórí rẹ̀

Àwọn olólùfẹ́ Morrissey kò yéé sọ pé kò bójú mu kí onílù gba iye tí ẹni tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ń gbà. Bí a bá wọn iṣẹ́, wọ́n ní àríyànjiyàn tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Kò sí adájọ́ tó sọ pé 40, 40, 10, 10 jẹ́ ìwà ìkà. Òfin gbà á. Ká ní wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé kan ṣoṣo ní 1983, kí Joyce mú un lọ fún lọ́yà tí kì í ṣe lọ́yà àwọn tó kù, kó padà wá fọwọ́ sí i, ẹjọ́ náà ì bá má wáyé. Wọ́n sì tún lè gbà á síṣẹ́ lówó oṣù láti ọjọ́ kìn-ín-ní, kí ìwé sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọn kò lè ṣe ni kí wọ́n jẹ àǹfààní ẹgbẹ́ mẹ́rin lójú ayé, kí wọ́n sì máa pín owó bí ilé iṣẹ́ ẹni méjì.

Lọ́yà kan fún ènìyàn mẹ́rin náà kò dára. Ó dà bí kí agbẹjọ́rò kan ṣojú olùtà àti olùrà lórí ilẹ̀ kan náà: gbogbo ohun tó bá sọ fún ọ̀kan lè pa èkejì lára. Ìwé ẹgbẹ́ tó péye yóò ya owó orin kíkọ sọ́tọ̀ kúrò lára owó àwo, yóò sọ ìpín kálukú nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò sọ ẹni tó ni orúkọ ẹgbẹ́ bí ọ̀kan bá lọ, iye ìbò tó lè lé ènìyàn, àti bóyá ẹni tó bá kúrò yóò ṣì máa jẹ lórí àwo tó ti bá wọn ṣe. Ìwé ìṣirò owó ní láti dé pẹ̀lú ẹni tí yóò ka ìlà kọ̀ọ̀kan sókè. Ojú ìwé márùn-ún sí mẹ́jọ lè gbà á.

Ẹ má sì ṣe nà án kọjá ibi tó dé. Ní 1999, mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ orin Spandau Ballet gba Ilé Ẹjọ́ Gíga kan náà lọ lórí owó orin kíkọ, wọ́n ní Gary Kemp tó ń kọ orin wọn ti ṣèlérí pé yóò máa fún wọn nínú rẹ̀. Wọ́n pàdánù. Orin náà jẹ́ ti Kemp, ohùn tí wọ́n fi kún un kò sì sọ wọ́n di ẹni tó bá a kọ ọ́. Olùta fáólìn tó bá The Bluebells, ẹgbẹ́ gìtá ilẹ̀ Scotland, ṣe "Young at Heart" borí ní tirẹ̀, torí ohùn fáólìn rẹ̀ nínú orin náà tó ohun tí a lè pè ní iṣẹ́ orin kíkọ. Ọ̀nà tí Joyce gbà yàtọ̀ sí ti àwọn wọ̀nyí. Kò sọ rí pé òun kọ orin. Alájọṣe ló ní òun jẹ́.

Ní 1992, lẹ́yìn tí Rough Trade ti ṣubú, ilé iṣẹ́ àwo Warner ra gbogbo àwo The Smiths, ó sì ń tún wọn tẹ̀ láti ìgbà náà. Rourke kú ní oṣù Karùn-ún 2023. Òun àti Joyce ló wà nídìí béèsì àti ìlù lórí àwo ńlá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn. Nínú gbogbo £100 tó bá ti ibẹ̀ wọlé, £25 ni ìpín onílù. £10 ni ti oníbéèsì.